Iye Tó Jáde, Iye Tó Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ kóòdù ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti káàkiri Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́. Ohun tí àwa fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe pẹ̀lú báírò àti fáìlì, ẹ̀yin lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba á ní kí ẹ so ìwé owó oṣù pọ̀ mọ́ báǹkì. Ilé ìwòsàn á ní kí ẹ so ìwé àwọn aláìsàn pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà á ní tiwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí irinṣẹ́ tí à ń rà lọ́jà tó bá ọ̀nà tí à ń gbà ṣe nǹkan níbí mu, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń jókòó kọ kọnẹ́kítọ̀, ìyẹn ètò tó ń kó dátà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà ni bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé kọnẹ́kítọ̀ náà dára. Mo ti rí i pé ẹ máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ á wo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ pupa kankan, ẹ á sì ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi, kò tíì ṣiṣẹ́. Kò kàn pariwo ni.

Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, àjọ kan ní ilẹ̀ England tó ń jẹ́ Public Health England ń gba àbájáde àyẹ̀wò láti àwọn ibùdó àyẹ̀wò. Fáìlì CSV ni wọ́n ń rí gbà, irú èyí tí kò níye ìlà tó gbọ́dọ̀ mọ. Ètò tó ń gbà á wọlé wá ń dà á sínú fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .xls. Ìlà 65,536 ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè gbà mọ. Ìlà tó bá lé sí i ń ṣubú dànù, kò sì sí ohun tó kígbe. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún náà, èèyàn 15,841 tó ti ní àrùn ni kò wọ inú iye tí wọ́n ń kéde. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ti gbọ́ èsì tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé kàn kò gbọ́ nípa wọn lásìkò. Ẹni tí wọ́n ti kó o ràn lọ sọ́jà, ó lọ síbi iṣẹ́, ó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà.

Ìlú tó lówó ni England, àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo tí wọn kò kọ ló fà á: kí wọ́n da ìlà 70,000 sí i, kí wọ́n bi í pé mélòó ló dé òdìkejì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Àwa náà ti ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, akọ̀wé kan ló ń kọ owó oṣù, akọ̀wé mìíràn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kejì yìí á fi báírò sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, á ro àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ó lọ́ra, ó sì ní àṣìṣe tirẹ̀. Àmọ́ ojú méjì ló ń rí iṣẹ́ kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a yọ akọ̀wé kejì kúrò, inú wa sì dùn pé iṣẹ́ yá. A kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ìdánwò aládàáṣe tí mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ ni akọ̀wé kejì yẹn: kóòdù kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yẹ kóòdù ńlá wò, lójoojúmọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà àkáǹtì, torí ibẹ̀ ni ẹkún òṣìṣẹ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò NUBAN tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2010, nọ́ńbà mẹ́wàá ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní, òdo ló sì ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì á ṣí fáìlì nínú Excel torí ó kàn fẹ́ wo orúkọ kan, á pa á mọ́, á tì í. Excel ti kà á sí nọ́ńbà ìṣirò, ó sì ti gé gbogbo òdo iwájú kúrò. 0000014579 ti di 14579. Bí kọnẹ́kítọ̀ yín bá gbà á bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kan ní Ìbòkun á máa wo fóònù títí oṣù á fi parí. Nítorí náà, ìdánwò àkọ́kọ́ yín ni kí ẹ fi 14579 ránṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé kọnẹ́kítọ̀ kọ̀ ọ́, pé ó sọ ìlà tí ó ti rí i, pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òdo sí iwájú kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà kẹwàá nínú àkáǹtì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ mú kóòdù báǹkì tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ to nọ́ńbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú àkáǹtì tẹ̀ lé e. Ẹ fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní àtúntò bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ nọ́ńbà ìparí àròpọ̀ yẹn kúrò nínú 10. Ohun tó kù ni nọ́ńbà kẹwàá, bó bá sì jẹ́ 10 ló kù, òdo ni ẹ máa kọ. Bí kóòdù báǹkì bá jẹ́ 011, tí nọ́ńbà mẹ́sàn-án náà jẹ́ 000001457, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Ìdí nìyẹn tí 0000014579 fi jẹ́ àkáǹtì tó bófin mu. Kọnẹ́kítọ̀ tó ń gbé owó oṣù gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò yìí, kí ìdánwò yín sì fi nọ́ńbà tó dára àti èyí tí kò dára dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti tán. Bí ọwọ́ akọ̀wé bá gbé nọ́ńbà kẹfà àti ìkeje fún ara wọn, tí 0000014579 di 0000041579, àròpọ̀ á ṣì jẹ́ 81, torí 3 ló kan àwọn méjèèjì. Ìṣirò á ní ó dára, owó á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìdánwò gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìdánwò mìíràn kò lè rí. Fún ti àkáǹtì, ohun tó kù ni kí kọnẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì lọ́wọ́ báǹkì kó tó san kọ́bọ̀, kó fi í wé orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́, kó sì dúró bí wọn kò bá bára mu. Ẹ kọ ìdánwò tí orúkọ ibẹ̀ kò bára mu. Bí owó bá ṣì lọ, kóòdù yín kò tíì yẹ.

Orúkọ wá ni ibi tó le jù nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ń fi ìwé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan kọ́ṣẹ́ kò sì ní rí i níbẹ̀. Ẹni kan náà lè jẹ́ Ṣọlá nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, Shola ní báǹkì, Sola nínú ìwé ìdánimọ̀ NIN. Obìnrin tó lọ́kọ lẹ́yìn tó gbaṣẹ́ lè ní orúkọ bàbá níbì kan, orúkọ ọkọ níbòmíràn. Orúkọ ìlú àti ti ìjọba ìbílẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: ẹ á rí Ilesa, ẹ á rí Ilesha, Osogbo àti Oshogbo, Atakunmosa àti Atakumosa. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà, ibi mẹ́fà ni, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tí wọ́n fẹ́ gbé fún gómìnà á máa sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ wa ju ọgbọ̀n lọ.

Àmì ohùn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ́ tí ẹ ń wò yìí, ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán, ló wà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀: ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a wá fi àmì òkè lé, é tó ti ní àmì òkè tí a wá fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà ń wò wọ́n bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan lábẹ́ ètò Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC. Ẹ kọ ìdánwò tó fi ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí ó sì retí pé ìlú méjì péré ni yóò jáde. Àwọn kan nínú yín ti rí ọ̀nà àbùjá: wọ́n ń gé gbogbo àmì kúrò lára orúkọ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ wé orúkọ, ẹ gé àmì lára ẹ̀dà tí ẹ fi ń wé e, kí ẹ tọ́jú orúkọ èèyàn bó ṣe kọ ọ́ fún yín. Orúkọ tí bàbá èèyàn sọ ọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí kọnẹ́kítọ̀ ń gbá.

Ti owó kò gùn. Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba iye owó ní kọ́bọ̀, kì í ṣe náírà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ₦5,000 á kọ 500000. Ẹni tó bá gbàgbé, á gba àádọ́ta náírà. Ẹ má fojú kékeré wo irú àṣìṣe yìí: ọkọ̀ òfuurufú Mars Climate Orbiter tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí Mars sọnù lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1999 torí pé sọ́fítíwíà kan ń fi ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, èyí tó ń gbà á sì rò pé ìwọ̀n mẹ́tíríìkì ni. Ìhà kọ̀ọ̀kan dára lọ́tọ̀. Àárín wọn ni nǹkan ti bàjẹ́, àárín yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tiyín.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ìlera. DHIS2, tí àwọn ará Yunifásítì Oslo ní Norway dá sílẹ̀, ni Nàìjíríà fi ń gba ìròyìn láti àwọn ilé ìwòsàn, oṣù dé oṣù. Ẹ fojú inú wo ibùdó ìlera méjì ní Obòkun. Ọ̀kan kọ òdo síwájú onígbáméjì: wọ́n ṣọ́ ọ, wọn kò rí i. Èkejì kò kọ nǹkan kan: nọ́ọ̀sì wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra bí ọ̀run sí ilẹ̀. Kọnẹ́kítọ̀ tó bá sọ àlàfo di òdo ti purọ́ pé ara gbogbo èèyàn le níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wò wọ́n. Nínú DHIS2 fúnra rẹ̀, òdo kì í dúró síbẹ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un pé kó máa tọ́jú òdo fún ohun tí ẹ ń kà yẹn. Nítorí náà ẹ kọ ìdánwò méjì: ẹ fi òdo ránṣẹ́, kí ẹ ka òdo padà, ẹ fi àlàfo ránṣẹ́, kí ẹ rí i pé àlàfo ṣì ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sú yín. Ibi tí àrùn ti máa ń wọlé ni ibi tí a kò ti ka nǹkan.

Iná wá ńkọ́? Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí ní òkè òkun rò pé iná kì í lọ. Ẹ̀yin mọ̀ pé ó ń lọ, íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún òṣìṣẹ́ ni ẹ fẹ́ san owó fún, tí iná lọ lórí ẹnì kẹtàléláàádọ́rin. Nígbà tó bá padà dé, ṣé láti orí ẹni àkọ́kọ́ ni kọnẹ́kítọ̀ á ti tún bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹni méjìléláàádọ́rin á gba owó ẹ̀ẹ̀mejì? Ẹ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí kò ní yí padà, kí ẹ wá kọ ìdánwò tó ń já okùn náà láàárín, tó tún fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ ní ìgbà kejì, tó sì retí pé owó rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bákan náà, API ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi dátà ránṣẹ́ ní ojú ewé ojú ewé. Bí ojú ewé kan bá gba ọgọ́rùn-ún, ẹ fi ọgọ́rùn-ún gééré dán an wò, ẹ fi 101 dán an wò, ẹ fi òfo dán an wò. Ẹni tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Àwọn kan á ní àwọn ti dán gbogbo èyí wò lọ́jọ́ tí àwọn parí iṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n báǹkì á yí orúkọ òpó kan padà láìsọ fún yín, ìjọba àpapọ̀ á fi ìlà tuntun kún fọ́ọ̀mù, ẹnì kan nínú yín á tún kóòdù ṣe ní aago méjìlá òru. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà inú yín gbọ́ ìtàn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: bó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kì í gba ìlérí dípò owó, kì í dìde títí owó á fi bọ́ sí i lọ́wọ́, ọjọ́ tí àdéhùn bá sì tún pé, á tún dé. Bí ìdánwò yín ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ ibi tí ẹ ń tọ́jú kóòdù sí, GitHub Actions tàbí irú rẹ̀, kó máa ṣe ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà, kó sì tún máa ṣe ara rẹ̀ lóru, kó kàn sí ibi tí dátà ti ń wá, kó wò ó bóyá wọ́n ti yí nǹkan padà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè yá ọgbọ́n lára Airbyte, ètò ìkódátà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nǹkan mẹ́rin ni gbogbo kọnẹ́kítọ̀ tó ń kó dátà wá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe: spec, kó sọ ohun tó nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, check, kó sọ bóyá ó rí ọ̀nà wọlé, discover, kó sọ irú dátà tó bá níbẹ̀, read, kó kó dátà náà wá. Bí ẹ kò tilẹ̀ lo Airbyte, ẹ bi kọnẹ́kítọ̀ yín ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò tọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó sọ òótọ́ pé òun kò rí ọ̀nà wọlé, àbí ó kàn dá òfo padà bíi pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan ní gbogbo Ọ̀ṣun.

Ìdánwò tí kò tíì kùnà rí, ẹ má fọkàn tán an. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́ ní ibì kan, kí ẹ wò ó bóyá ìdánwò rí i. Bí kò bá rí i, ẹ ti kọ ohun ọ̀ṣọ́. Bí ìdánwò kan bá sì ń kùnà lónìí tó ń yege lọ́la láìsí ìdí, ẹ má kàn máa tún un ṣe títí tí yóò fi yege. Ó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan fún yín.

Ẹ má sì ṣe fi dátà àwọn èèyàn gidi dánra wò. Kò sóhun tó rọrùn tó kí ẹ da ìwé owó oṣù tòótọ́ sínú fódà ìdánwò, BVN, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí GitHub. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, kò gba irú ìyẹn láyè. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, àwọn tó wà nínú ìwé yẹn fọkàn tán ìjọba, ìjọba sì fọkàn tán yín. Ẹ ṣẹ̀dá èèyàn tí kò sí: ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, ẹni tó ní orúkọ kan ṣoṣo, ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo márùn-ún. Paystack àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bíi tirẹ̀ ní ibi ìdánwò tí owó gidi kò ti ń rìn; ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe àṣìṣe yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá á ní kò sí àsìkò, pé kọmíṣọ́nnà ń dúró. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ hàn án dípò àríyànjiyàn: ẹ ṣí fáìlì kan níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí òdo ṣe ń pòórá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò kọ iṣẹ́ rere. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ewu rẹ̀ hàn wọ́n ni. Àwọn ọmọ tó bá sì wá ṣe ìkọ́ṣẹ́ IT lọ́dọ̀ yín láti UNIOSUN, láti Pólì Ẹdẹ, láti Ifẹ̀ tàbí láti Yunifásítì Iléṣà, ẹ má ju iṣẹ́ ìdánwò sí wọn bí ohun tí kò wù yín láti ṣe. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí kọnẹ́kítọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́ báyìí láìní ìdánwò kankan, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ kọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ẹyọ kan péré, kó ka iye ìlà tó jáde, kó ka iye tó dé, kó sì ro àpapọ̀ owó níhà méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, kó dá iṣẹ́ dúró kí owó ẹnikẹ́ni tó kúrò ní Àbẹ̀rẹ̀.